Bàsíà Tó Wà Níwájú Pẹpẹ

Ilé Àwọn Nọ́ọ̀sì,
Ojúlé Kejìlá, Ọ̀nà Ìbà,
Ìkìrun,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kọkànlá, ọdún 1994.

Mojíbọ́lá, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń rìn? Ọyẹ́ Kàdúná á ti máa mú báyìí, rí i pé ò ń fi òrí pa wọ́n lára dáadáa kí ẹsẹ̀ wọn má baà là. Ìyá ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé wọ́n ti padà sí Ìlọrin àbí wọ́n ṣì ń bá ọ ka iye ẹran tó wà nínú ìkòkò? Bá mi kí gbogbo wọn. Èmi náà wà láàyè. Ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn lọ síbi iṣẹ́ láti ìgbà tí epo bẹntiróòlù ti di àwátì, bàtà funfun mi sì ti di pupa.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. O ní kí n dárí ji Pásítọ̀ Tímótì àti ìjọ rẹ̀, kí n fi ẹjọ́ lé Ọlọ́run lọ́wọ́, pé ìbínú kò lè dá ẹnu Màmá padà. Ọ̀rẹ́ mi, o ṣeun. O kọ ọ́ tìfẹ́tìfẹ́, mo sì rí ibi tí omi ojú rẹ ti kán sí lára yíǹkì. Ṣùgbọ́n lẹ́tà rẹ pẹ́ jù. Kó tó dé ni mo ti ṣe ohun tí mo fẹ́ ṣe. Ẹ̀san ni mo fẹ́, mo sì gbà á. Fara balẹ̀ kí n ròyìn rẹ̀ fún ọ, torí kò sí ẹlòmíràn tí mo lè sọ ọ́ fún. Nínú lẹ́tà tí mo kọ ṣáájú, gbogbo ohun tí mo lè kọ ni pé Màmá ṣubú, pé ọ̀rọ̀ lọ lẹ́nu wọn, àti pé Pásítọ̀ Tímótì àti ìjọ rẹ̀ ló fà á.

O mọ̀ pé láti ìgbà tí Bàbá ti kú ni Màmá ti ń gbé lọ́dọ̀ Dàmọ́lá àbúrò mi àti Keziah ìyàwó rẹ̀ ní Inísà. Áńgílíkà ni wọ́n bí wa sí, Màmá kì í sì í pa ìsìn jẹ. Ṣùgbọ́n ìjọ tuntun kan tí wọ́n kọ́ sẹ́yìn ọjà ni Keziah ń lọ, ìjọ Pásítọ̀ Tímótì, níbi tí wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́ tí wọ́n sì ń fò sókè. Díẹ̀díẹ̀ Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í bá a lọ lọ́jọ́ Wẹ́sìdé. Wọ́n ní àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ mọ èèyàn-án kí. N kò bá wọn jà. Inú mi tiẹ̀ dùn pé wọ́n rí ibi tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ikú Bàbá.

Má ṣe rò pé mo kórìíra àdúrà o. Ní wọ́ọ̀dù wa, a kì í pín oògùn àárọ̀ láì kọ́kọ́ kọrin ká sì gbàdúrà. Alàájà kan láti Ìbà máa ń di hóró oògùn tirẹ̀ mú títí a ó fi ṣe tán, á ní Bísímílàhi, á sì gbé e mì. Èmi fúnra mi ti di ọwọ́ ẹni tó ń kú lọ mú, mo gbàdúrà sí i létí, mo sì rí i tí ojú rẹ̀ rọ̀. Mo mọ ohun tí àdúrà ń ṣe lára aláìsàn. Ohun tí mo tún mọ̀ ni pé ẹ̀jẹ̀ ríru kì í gbọ́ ariwo.

Ọdún kẹfà rèé tí Màmá ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, èmi ni mo sì ń gbé e lọ fún wọn láti Ìkìrun níbí. Nítorí pé wọn kò mọ̀wé, mo máa ń pín in sínú àpò ìwé kéékèèké, màá ya oòrùn sára ti àárọ̀, màá ya òṣùpá sára ti alẹ́. Màmá máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé òṣùpá mi jọ ẹ̀pà. Ní ìparí oṣù kẹjọ, mo gbé ti oṣù méjì lọ lẹ́ẹ̀kan náà, torí n kò mọ ìgbà tí màá tún rí ọkọ̀ tó ní epo.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ìjọ náà ń ṣe ìsọjí ọlọ́jọ́ mẹ́ta. Ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe é, ọjọ́ kẹta ni wọ́n sì ń pè ní Ọjọ́ Ìsọ Ẹrù Kalẹ̀. Wọ́n á gbé bàsíà ńlá aláwọ̀ ewé kan síwájú pẹpẹ. Ẹni tó bá gbàgbọ́ pé Ọlọ́run ti wo òun sàn á jó lọ síwájú, á sọ oògùn rẹ̀ sínú bàsíà, ìjọ á hó yèè, Pásítọ̀ á sì gbé ọwọ́ lé e lórí. Màmá kò ṣe irú rẹ̀ rí. Wọ́n rí ìlà gígùn tí àwọn èèyàn tò sí, tìlù-tijó, tẹ̀rín-tọ̀yàyà, Keziah náà wà lórí ìlà. Ni Màmá bá yọ́ jáde, wọ́n lọ sílé, wọ́n kó gbogbo àpò ìwé mi, olóòrùn àti olóṣùpá, wọ́n padà wá, wọ́n sì dà á sínú bàsíà láìṣẹ́ ẹyọ kan kù. Wọn kò sọ fún mi. Keziah ní ṣe ni wọ́n fẹ́ kó yà mí lẹ́nu. Wọ́n ní tí mo bá dé, kí n kàn wọn ẹ̀jẹ̀ àwọn wò, kí n wá rí iṣẹ́ Ọlọ́run.

Ní ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn ìyẹn, Màmá ṣubú lẹ́yìnkùlé níbi tí wọ́n ti ń sá elùbọ́. Àárọ̀ ni, Dàmọ́lá sì ti lọ sí Òkukù níbi tó ti ń ṣe tíṣà. Keziah ránṣẹ́ sí Pásítọ̀. Pásítọ̀ kó àwọn alágbàdúrà rẹ̀ wá, wọ́n tẹ́ Màmá sórí ẹní, wọ́n yí wọn ká, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bá Èṣù wí. Láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di aago mẹ́ta ọ̀sán ni wọ́n fi bá a wí. Wákàtí méje! Ìwọ náà kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, o mọ ohun tí wákàtí méje ń ṣe fún ọpọlọ. Nígbà tí Dàmọ́lá dé, ó tú wọn ká, ó gbé ìyá rẹ̀ pọ̀n, ó sì sáré jáde sí títì. Ọkọ̀ oníṣu kan ló gbé wọn wá sí ilé ìwòsàn wa. Èmi ni mo wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Mo rí arúgbó kan tí wọ́n ń gbé bọ̀, ìdajì ojú rẹ̀ ti wọ́ wálẹ̀, mo sì ti ń ti bẹ́ẹ̀dì lọ pàdé rẹ̀ kí n tó mọ̀ pé ìyá mi ni.

Apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ọ̀rọ̀ sì lọ lẹ́nu wọn pátápátá. Wọ́n á la ẹnu, “bá, bá, bá” nìkan ni yóò jáde, wọ́n á wá máa wò mí bíi pé èmi ni n kò gbọ́ Yorùbá. Ìyá mi tó ń na ọjà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, tí kì í jẹ́ kí èèyàn rí ọ̀rọ̀ sọ!

Ọjọ́ kẹrin ni Pásítọ̀ Tímótì wá kí wọn, aṣọ rẹ̀ gún régé, ó mú agolo mílíìkì méjì dání. Ó gbàdúrà kúkúrú, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó wá sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé, “Nọ́ọ̀sì, ẹ má bínú o. Ó lè jẹ́ pé ìgbàgbọ́ Màmá ló mẹ́hẹ díẹ̀.”

Mo wò ó. Mo rẹ́rìn-ín sí i, mo sì sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Níbi tí mo ti ń padà bọ̀ ni mo ti búra pé màá dójú tì í níwájú àwọn tó ń ṣe àmín sí àdúrà rẹ̀. N kò fẹ́ kó kú. Kó wà láyé, kó máa rìn nígboro Inísà, kí ojú máa tì í, ohun tí mo fẹ́ nìyẹn. Mílíìkì rẹ̀, mo kó o fún àwọn tó ń gbálẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kẹta tí Màmá dé wọ́ọ̀dù ni nǹkan kan ṣẹlẹ̀. A ń kọrin àárọ̀ kí a tó pín oògùn, orin ìyìn kan tí gbogbo Áńgílíkà mọ̀. Mo dédé gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn mi. Màmá ni. Ẹnu wọ́, ojú sì dì, ṣùgbọ́n wọ́n ń kọ orin náà lọ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ń jáde geere, ẹsẹ kìíní títí dé òpin. Abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Alàájà Ìbà ń ké Alihamudulilahi lórí bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀. Nígbà tí orin parí, mo sáré di Màmá mú pé kí wọ́n sọ̀rọ̀, “bá, bá” náà ló tún jáde.

Dókítà Akínyẹlé wá. Kì í ṣe ẹni tó máa ń dárúkọ Ọlọ́run kiri, ṣùgbọ́n ó fa àga, ó jókòó, ó ní kí a tún un kọ. Lẹ́yìn náà ó ṣàlàyé fún wa pé ibi tí ọ̀rọ̀ ń gbé nínú ọpọlọ yàtọ̀ sí ibi tí orin ń gbé, pé ibi tọ̀rọ̀ ti bà jẹ́ lára Màmá, ibi torin ṣì wà. Ó ní kí a máa bá wọn kọ ọ́ lójoojúmọ́, kí á máa fi ọ̀rọ̀ ilé sínú ohùn orin náà díẹ̀díẹ̀, ọ̀rọ̀ lè gba ibẹ̀ padà wá. Ó ní oògùn tí òun ń fún wọn kò lè ṣe èyí, orin yìí ló lè ṣe é.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe bẹ̀rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, Màmá ti ń fi ohùn orin ìyìn béèrè omi. Wọ́n á kọ ọ́ bíi pé akọrin ni wọ́n, “ẹ fún mi lómi,” gbogbo wọ́ọ̀dù á sì gbè é. Lọ́jọ́ kan wọ́n kọ orúkọ mi. Túnráyọ̀. Mo wọ ilé ìwẹ̀, mo sunkún débi pé mátírọ́ọ̀nù ní láti kanlẹ̀kùn. Bí mo ṣe ń yọ̀ yẹn, inú tún ń bí mi sí i, pé orin ìyìn tí àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì fi pa ìyá mi lára náà la tún ń fi wò wọ́n sàn. N kò fẹ́ jẹ irú gbèsè bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Mo bi Keziah ibi tí bàsíà náà wà. Ó ní ó wà ní sítóò lẹ́yìn pẹpẹ, wọn kì í dà á nù, wọ́n ní kò yẹ kí èèyàn tún fọwọ́ kan ohun tó ti sọ kalẹ̀. Ète mi rọrùn. Màá gbé bàsíà jáde lọ́jọ́ Ìsinmi nígbà ìjẹ́rìí. Màá mú oògùn tó wà nínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, màá sọ àìsàn tó wà fún, màá sọ ohun tó máa ṣe ẹni tó bá pa á tì, kí olúkúlùkù wọn lọ sílé pẹ̀lú ìbẹ̀rù, kí wọ́n sì mọ irú ẹni tí wọ́n ń tẹ̀ lé. Keziah ló máa gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ní Sátidé tó ṣáájú, mo sì bá a lọ ní ọ̀sán gangan láti kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò.

Mo kúnlẹ̀ ti bàsíà náà. Ìgò oògùn ikọ́, òfìfo. Ike oògùn ibà, òfìfo. Páálí pánádọ́ọ̀lù tí wọ́n ti fa gbogbo rẹ̀ yọ, agolo róòbù tó ti dípẹtà, ìgò oògùn inú rírun ọmọdé tó ń rùn kẹrosíìnì, fítámì tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Mo dojú bàsíà dé sílẹ̀. Lábẹ́ gbogbo pàǹtírí yẹn ni àpò ìwé mi wà, olóòrùn àti olóṣùpá, gbogbo hóró inú wọn pé. Nínú gbogbo bàsíà, ti ìyá mi nìkan ni oògùn.

Mo bi Keziah èwo ni tirẹ̀ níbẹ̀, torí mo mọ̀ pé ó ní ikọ́ fée. Ó nawọ́ sí ìgò ikọ́. Mo bi í níbo ni oògùn ikọ́ fée rẹ̀ wà. Kò lè wò mí lójú. Ó ní, “Àǹtí, ó wà nílé. Gbogbo wa la mọ̀ pé àmì ni. A rò pé Màmá náà mọ̀.”

Gbogbo wọn ló mọ̀. Ọdọọdún ni wọ́n ti ń ṣe é, olúkúlùkù á wá ìgò òfìfo kan nílé, á jó pẹ̀lú rẹ̀, á sì padà lọ lo oògùn rẹ̀ lálẹ́. Pásítọ̀ náà mọ̀, Keziah ló sọ fún mi, ó ní Pásítọ̀ fúnra rẹ̀ ló sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì pé ọkàn ni Ọlọ́run ń wò. Kò kàn sí ẹni tó rántí láti sọ ọ́ fún arúgbó tuntun.

Mojíbọ́lá, mo kó gbogbo rẹ̀ padà sínú bàsíà. Ìbínú tí mo gbé wá kéré sí èyí tí mo gbé jáde.

Lọ́jọ́ kejì, mo wọ yunifọ́ọ̀mù mi, mo lẹ báàjì mọ́ àyà, mo lọ. Nígbà tí wọ́n ní kí ẹni tó bá ní ẹ̀rí jáde, mo jáde. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo gba ẹ̀yìn pẹpẹ lọ gbé bàsíà, mo gbé e kalẹ̀ síbi tí wọ́n máa ń gbé e sí, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í mú ìgò jáde. Màá gbé e sókè, màá dorí rẹ̀ kodò, màá béèrè olówó rẹ̀. Àwọn kan kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó di ìgò kẹrin, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Obìnrin kan ń fi gèlè bojú. Ọkùnrin kan dìde, ó ń wá ọ̀nà ìta, mo dárúkọ rẹ̀, mo bi í bóyá oògùn àtọ̀gbẹ tó wá gbà lọ́wọ́ mi ní Ìkìrun lọ́sẹ̀ tó kọjá ti tán. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí nọ́ọ̀sì sọ irú ẹ̀ síta. Mo sọ ọ́.

Mo wá da àpò ìwé Màmá sórí pẹpẹ. Mo ní, “Ẹnì kan ṣoṣo ló gba Ọlọ́run gbọ́ nínú ilé yìí lọ́jọ́ yẹn, òun ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní Ìkìrun. Pásítọ̀, ìgbàgbọ́ ta ló mẹ́hẹ?”

Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn pẹpẹ. Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Inú mi dùn. Irọ́ ni màá pa fún ọ tí mo bá ní inú mi kò dùn. Mo rìn jáde láàárín wọn, kò sẹ́ni tó lè gbójú sókè, afẹ́fẹ́ ìta sì tutù sí mi lára. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, ìjọ náà ti tú. Mo gbọ́ pé Pásítọ̀ ti kó lọ sí Ẹ̀kọ́ Ẹ̀ndẹ́, àwọn ọmọ ibẹ̀ sì ti ń pè é ní Pásítọ̀ Onígò.

Kò tíì tó mi. Keziah ṣì kù. Mo sọ fún un pé kó wá sí wọ́ọ̀dù lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kó kúnlẹ̀ níwájú Màmá, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ gbogbo rẹ̀, kó má fi ẹyọ kan pamọ́. Ó bẹ̀ mí. Ó ní kí òun kàn bẹ Màmá, kí òun má dárúkọ bàsíà. Dàmọ́lá náà bẹ̀ mí. Mo ní tí kò bá sọ ọ́, n kò ní wọ ilé wọn mọ́ láyé.

Ó wá, ó kúnlẹ̀, ó sọ ọ́. Ó sọ nípa ìgò ikọ́ tirẹ̀. Ó sọ pé òfìfo ni ti gbogbo ìjọ, títí kan ti àwọn tó di ọwọ́ Màmá mú tí wọ́n jọ jó lọ síwájú. Mo dúró níbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, mo ká apá mi mọ́ àyà, mo ń wò ó bó ṣe ń sunkún, ó sì ń dùn mọ́ mi. Màmá gbọ́ ọ dé òpin. Wọ́n na ọwọ́ òsì, wọ́n fi pa Keziah lórí lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà wọ́n yí ojú sí ògiri.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, a bẹ̀rẹ̀ orin ìyìn. Màmá pa ẹnu dé. Mo rò pé ó rẹ̀ wọ́n ni. Ọjọ́ kẹta, bẹ́ẹ̀ náà. A yí orin padà, Alàájà Ìbà tiẹ̀ fi ohùn tirẹ̀ kọ ọ́ fún wọn, wọ́n kàn ń wo òkè àjà ni. Tí òǹgbẹ bá ń gbẹ wọ́n báyìí, ife ni wọ́n ń nawọ́ sí. Ó ti di ọjọ́ mọ́kàndínlógún. Dókítà Akínyẹlé tún yẹ̀ wọ́n wò, ó ní kò sí ohun tuntun kankan tó bà jẹ́, ẹ̀jẹ̀ wọn tiẹ̀ ti wálẹ̀ dáadáa. Ó bi mí bóyá nǹkan kan ti bà wọ́n nínú jẹ́. Mo ní n kò mọ̀.

Láràárọ̀, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, mo máa ń jókòó tì wọ́n, màá kọ orin náà, màá dúró níbi tí wọ́n ti máa ń gbà á lẹ́nu mi. Wọn kì í gbà á. Wọ́n á kàn máa wò mí.

Bá mi kí ọkọ rẹ, fẹnu ko àwọn ìbejì lẹ́rẹ̀kẹ́ fún mi, kí o sì sọ fún ìyá ọkọ rẹ pé mo ní wọ́n kú ìtọ́jú ọmọ. Tí ẹ bá kúnlẹ̀ láti gbàdúrà lálẹ́, mo bẹ̀ ọ́, má dárúkọ mi. Màmá ni kí o dárúkọ.

Ọ̀rẹ́ rẹ tí kò yí padà,
Túnráyọ̀.